Kọ̀ǹpútà àtijọ́ méjì: ètò ìṣiṣẹ́ tó fúyẹ́ wo ni kí n fi sí wọn?

Àkànjí_Tuntun kọ̀wé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Prósẹ́sọ̀ ọ̀kan jẹ́ Core 2 Duo, RAM rẹ̀ (ìrántí tó ń lò lẹ́nu iṣẹ́) 2GB, hádì dísìkì rẹ̀ 160GB, irú èyí tó ń yí. Èkejì kékeré, irú èyí tí wọ́n ń pè ní netbook: Atom N270, RAM 1GB. Windows, ìyẹn ètò ìṣiṣẹ́ tó wà lórí àwọn méjèèjì, ti gbó, kò sí àtúnṣe ààbò fún un mọ́. Bí mo bá ṣí ojúewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ńṣe ni n ó jókòó tì í títí.

N kò fẹ́ jù wọ́n nù. Kíbọọ̀dù wọn pé, ojú wọn mọ́, kò sí ibi tó fọ́ lára wọn. Mo fẹ́ fi ètò ìṣiṣẹ́ tó fúyẹ́ sí wọn, èyí tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Èyí tó tóbi wà fún àbúrò mi obìnrin láti máa fi ṣe iṣẹ́ iléèwé. Kékeré yẹn, èmi fẹ́ máa fi kọ̀wé, kí n sì fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ prógíráàmù. Mo ti ka orúkọ oríṣiríṣi Linux, ìyẹn ètò ìṣiṣẹ́ tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba: Puppy, antiX, Lubuntu, Tiny Core, Bodhi, MX. Ojú mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Èwo ni kí n mú?

Ìyá_Kóòdù kọ̀wé:

Àkànjí, ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ sílẹ̀ ná. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá 32-bit ni prósẹ́sọ̀ yín tàbí 64-bit (ìwọ̀n dátà tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan), torí ìyẹn nìkan ló máa yọ ìdajì àwọn orúkọ yẹn kúrò nílẹ̀.

Core 2 Duo jáde ní 2006, 64-bit ni. Atom N270 jáde ní 2008, síbẹ̀ 32-bit nìkan ló mọ̀. Torí náà ẹ má fi ọjọ́ orí ẹ̀rọ díwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ tirẹ̀, kó fi fíláàṣì tan Linux èyíkéyìí, kó tẹ `lscpu` sínú terminal (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ), kó wo ìlà tí wọ́n kọ "CPU op-mode(s)" sí. Bó bá rí 64-bit níbẹ̀, ọ̀nà là fún un.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé àwọn tó ń ṣe ètò ìṣiṣẹ́ ń fi 32-bit sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lubuntu ti jáwọ́ láti ẹ̀dà 19.04. Debian 12, tó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ni Debian ìkẹyìn tí èèyàn lè gbé sórí ẹ̀rọ 32-bit láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Debian 13 dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, wọ́n ti mú ẹ̀dà ìgbékalẹ̀ yẹn kúrò. Orí Debian sì ni antiX àti MX dúró lé, nítorí náà ibi tí Debian bá kọrí sí, àwọn náà kò lè pẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ lé e.

Èrò tèmi: Core 2 Duo, ẹ fi ẹ̀dà 64-bit ti MX Linux tó ń lo Xfce (ojú iṣẹ́ tó fúyẹ́) sí i bẹ́ ẹ bá máa fi kún RAM. Bó bá jẹ́ 2GB náà ni yóò wà, antiX 64-bit. Atom, antiX 23 ti 32-bit. Àwọn tó ń ṣe antiX sọ pé kọ̀ǹpútà Pentium III tó ní RAM 256MB lè gbé e, bí swap (àyè lórí dísìkì tó ń ran RAM lọ́wọ́) bá wà.

Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọ̀wé:

Tiny Core. Kò tó 30MB, ojú iṣẹ́ tó ní fèrèsé wà nínú rẹ̀, inú RAM ló sì ń gbé látòkè délẹ̀. Kí la tún ń wá kiri?

Aṣọ́bodè32 kọ̀wé:

@Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èmi náà fẹ́ràn Tiny Core, iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó fẹ́ lò ó. Ọmọ iléèwé ni. Bó bá tan án, kò ní rí bráúsà, kò ní rí ohun tó máa fi kọ̀wé. Gbogbo ìyẹn ló máa lọ gbé wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣàtúnṣe kan tí kò sì sọ fún ètò náà pé kó fi í pamọ́ kó tó pa á, ọjọ́ kejì ni yóò bá a bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ni ìyẹn dùn mọ́, torí pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ tónítóní nígbàkígbà tó bá tan án. Ọmọ tó ní iṣẹ́ láti fi sílẹ̀ lọ́la, ẹkún ló máa sun.

Fífúyẹ́ nìkan kò tó. Ètò tó fúyẹ́ débi pé èèyàn ò lè fi ṣe ohun tó tìtorí rẹ̀ gbà á kò tíì ran onítọ̀hún lọ́wọ́.

Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọ̀wé:

Mo gbà fún ti àbúrò. Fún kékeré tí Àkànjí fẹ́ fi kọ́ prógíráàmù ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo dúró sí o. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kó Tiny Core jọ yóò mọ ohun tí kernel (ọkàn ètò ìṣiṣẹ́) ń ṣe, ohun tí ojú iṣẹ́ ń ṣe, àti ibi tí áàpù kọ̀ọ̀kan ti wá. Mo mọ̀ pé ó le, mo sì mọ ohun tó kọ́ mi.

RàTuntun kọ̀wé:

Ẹ máa dá ara yín láàmú. Ẹ ra tuntun.

Ìyá_Kóòdù kọ̀wé:

@RàTuntun, ẹni tó bá ní ọ̀nà àtira kò sí ẹni tó dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ọjọ́ yẹn ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò), RAM 4GB, àyè 64GB, àti prósẹ́sọ̀ tó wà lórí àkọsílẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni àkọsílẹ̀ yẹn kò gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìlànà ló yí padà, ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Èmi kò rí ìdí tí ẹ̀rọ tó pé yóò fi di pàǹtírí nítorí ìlànà.

Bàbá_Terminal kọ̀wé:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àríyànjiyàn. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ètò ìṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó tíì fojú kan hádì dísìkì náà.

Àkànjí, hádì dísìkì tó ń yí yẹn ló ń jẹ ọ́ níyà ju Windows lọ. Orí rẹ̀ ní láti máa sáré kiri láti wá fáìlì. Bí RAM bá kún tí ètò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan lọ sínú swap lórí dísìkì, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń dúró gbagidi. Yọ ọ́, fi SSD (dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí) onísátà kékeré sí Core 2 Duo yẹn. Síkúrúù díẹ̀ ni, bí ojú ihò rẹ̀ bá jẹ́ SATA, ó máa wọlé wẹ́rẹ́. Àyípadà tó máa bá a, kò sí orúkọ Linux kankan tó lè ṣe irú ẹ̀ fún ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, RAM. Ṣí ìdí rẹ̀, wo bóyá DDR2 (irú RAM ìgbà yẹn) ni. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ìgbà yẹn lè gba 4GB, àmọ́ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà ẹ̀rọ rẹ kí o tó ra nǹkan kan.

Bí RAM kò bá ṣeé fi kún, zram ń bẹ. Apá kan nínú RAM ló máa ń yà sọ́tọ̀ bíi swap, á fún àwọn nǹkan tí a kò lò lọ́wọ́lọ́wọ́ pọ̀ kí wọ́n lè kéré, á sì kó wọn síbẹ̀ dípò kó gbé wọn lọ sórí dísìkì. Láti ẹ̀dà 3.14 ní 2014 ló ti wà nínú kernel Linux gan-an. Prósẹ́sọ̀ yóò ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ prósẹ́sọ̀ sàn ju kí dísìkì máa yí lásán. Lórí ẹ̀rọ 1GB, dandan ni mo kà á sí.

Kó o tó bò ó padà, gbọn eruku inú fáànù rẹ̀ dànù. Prósẹ́sọ̀ tó bá gbóná jù máa ń rọ ara rẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ètò ìṣiṣẹ́ ló wúwo.

Àkànjí_Tuntun kọ̀wé:

Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Ẹ ṣé, mà. Mo ti wò ó: SATA ni, ibi RAM sì jẹ́ méjì, 1GB wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo máa sọ ọ́ di 4GB, mo sì máa fi SSD sí i.

Ìbéèrè mìíràn ni pé àbúrò mi máa ń wo fídíò ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé antiX tàbí MX á gbé ìyẹn?

Aṣọ́bodè32 kọ̀wé:

Ìbéèrè tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí gan-an lẹ bi yẹn. Ètò ìṣiṣẹ́ tó fúyẹ́ dà bí agbọ̀n tó fúyẹ́: bí èèyàn bá kó òkúta sínú rẹ̀, orí á ṣì máa ro ó. Bráúsà ni òkúta náà. antiX lè jókòó jẹ́ẹ́ sórí RAM díẹ̀, àmọ́ bẹ́ ẹ bá ṣí ojúewé kan ṣoṣo nínú àwọn ìkànnì òde òní, ojúewé yẹn nìkan lè gba RAM tó ju ti gbogbo ètò ìṣiṣẹ́ náà lọ. Kò sí ohun tí ẹni tó ṣe antiX lè rí ṣe sí i. Ìkànnì ló kó JavaScript (kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nínú ojúewé) àti ìpolówó rẹpẹtẹ jọ.

Lórí Core 2 Duo tó ní 4GB, ẹ lo Firefox, kẹ́ ẹ sì fi uBlock Origin sí i lọ́jọ́ kìíní. Kì í ṣe ìpolówó nìkan ló ń dí, ó ń dín iṣẹ́ tí prósẹ́sọ̀ yóò ṣe kù. Kí táàbù tó ṣí má pọ̀.

Ti fídíò: àwọn ìkànnì fídíò ńlá fẹ́ràn kí wọ́n máa fi VP9 tàbí AV1 (ọ̀nà ìfúnpọ̀ fídíò) ránṣẹ́. Ẹ̀rọ 2006 kò ní ibi tó ń túmọ̀ ìyẹn nínú káàdì àwòrán rẹ̀, nítorí náà prósẹ́sọ̀ ló máa dá gbogbo ẹrù náà gbé. Ẹ wá àfikún bráúsà tó ń mú kí ìkànnì fi H.264 (ọ̀nà ìfúnpọ̀ tó ti pẹ́ jù wọ́n lọ) ránṣẹ́ dípò rẹ̀, kẹ́ ẹ fi í sí 480p. Bí fídíò náà bá wà lórí dísìkì yín, ẹ fi mpv (áàpù fídíò) ṣí i, kì í ṣe bráúsà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn sójú.

Ti Atom, mo máa sọ òótọ́ fún yín. Ẹ má retí fídíò níbẹ̀. Google Chrome ti fi Linux 32-bit sílẹ̀ láti 2016. Firefox náà, ẹ̀dà 144 ló kẹ́yìn fún Linux 32-bit. ESR 140 (ẹ̀dà Firefox tí àtúnṣe rẹ̀ máa ń pẹ́) nìkan ni Mozilla, àwọn tó ṣe Firefox, ṣèlérí pé àtúnṣe ààbò á máa bá a lọ fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó kéré tán títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2026. Fún kíka àkọsílẹ̀ prógíráàmù, bráúsà kékeré bíi Dillo tàbí NetSurf tó. Dillo kò mọ JavaScript rárá, torí ẹ̀ ló fi ń yára.

Ọmọ_BeOS kọ̀wé:

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dárúkọ Dillo. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un nítorí ó kàn mí lọ́kàn.

Dillo dákẹ́ lẹ́yìn ẹ̀dà 3.0.5 ní 2015. Ọ̀pọ̀ ti gbà pé ó ti kú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ẹ̀dà 3.1.0 jáde, torí pé ẹlòmíì gbé kóòdù náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n fi í sí. Damn Small Linux, tí gbogbo rẹ̀ kò ju 50MB lọ nígbà ayé rẹ̀, dákẹ́ láti nǹkan bíi 2008, ó padà ní 2024 lórí ìpìlẹ̀ antiX, wọ́n sì ṣe é kó lè wọ inú CD kan. Ó ti wúwo ju ti àtijọ́ lọ, síbẹ̀ ó wà.

Ẹ wá wo BeOS, ètò ìṣiṣẹ́ kan tí kì í ṣe Linux. Kóòdù rẹ̀ wà ní títì pa. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ni ín ta dúkìá rẹ̀ fún Palm ní 2001, kò sí ẹni tó lè gbé kóòdù náà kó máa bá a lọ. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní láti tún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ kọ láti ilẹ̀. Ọdún 2001 yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, lónìí Haiku ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀dà beta karùn-ún rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Ó ju ogún ọdún lọ tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò ní pọn dandan ká ní kóòdù àkọ́kọ́ wà ní gbangba.

Nítorí náà tí mo bá rí ẹni tó sọ pé òun fẹ́ ètò tí "kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba", inú mi máa ń dùn. Fún ẹni tó ní ẹ̀rọ àtijọ́, ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé kò sí ilé iṣẹ́ kan tó lè dá pinnu ọjọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ máa kú.

Haiku náà ní ẹ̀dà 32-bit o, Àkànjí. Ẹ tan án lórí fíláàṣì kẹ́ ẹ wò ó. Bó ṣe ń tètè dìde lórí ẹ̀rọ kékeré á yà yín lẹ́nu, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó mọ Wi-Fi yín.

Adéfíláàṣì kọ̀wé:

Kí Àkànjí tó gbé nǹkan kan sórí dísìkì, ẹ jọ̀wọ́:

Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín pamọ́ síbòmíràn. Ìgbékalẹ̀ tuntun á pa ohun tó wà lórí dísìkì rẹ́, kò sì ní bi yín léèmejì.

Bẹ́ ẹ bá ti gba ISO (fáìlì tí ètò ìṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀) tán, ẹ fi `sha256sum` yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lórí ìkànnì àwọn tó ṣe é. Fáìlì tó bá já lójú ọ̀nà máa ń dá wàhálà tí èèyàn ò ní mọ orírun rẹ̀ sílẹ̀. Ventoy ni kẹ́ ẹ fi sí fíláàṣì, kẹ́ ẹ wá da ISO tó bá wù yín síbẹ̀ bí ẹní da fáìlì lásán, antiX, Puppy, Tiny Core, gbogbo wọn lórí fíláàṣì kan. Bẹ́ ẹ bá ń ṣe Ventoy náà, MBR (ọ̀nà àtijọ́ láti pín dísìkì) ni kẹ́ ẹ yàn, torí BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ) àtijọ́ ló wà lórí àwọn ẹ̀rọ yẹn. Tẹ́ ẹ bá tan án, ẹ máa tẹ F12, tàbí F9, tàbí Esc, kẹ́ ẹ lè yan fíláàṣì. Ó yàtọ̀ láti ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ.

Ẹ lò ó láti orí fíláàṣì fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ dán Wi-Fi wò, ẹ dán ohùn wò, ẹ pa ìdérí rẹ̀ dé kẹ́ ẹ sì ṣí i padà. Èyí tó bá yege nínú gbogbo ìyẹn lẹ máa gbé sórí dísìkì. Puppy ní tirẹ̀ kò tiẹ̀ nílò kẹ́ ẹ gbé e sórí dísìkì, ó lè máa ṣiṣẹ́ láti orí fíláàṣì kó sì máa kó iṣẹ́ yín sínú fáìlì ìpamọ́ kan. Ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀: gẹ́gẹ́ bí root (ẹni tó láṣẹ lórí ohun gbogbo) ni èèyàn ń wọlé síbẹ̀, nítorí náà kì í ṣe èyí tí mo máa gbé fún ọmọdé.

Àkànjí_Tuntun kọ̀wé:

Ìròyìn rèé. MX ti wà lórí Core 2 Duo, SSD àti 4GB ti wọlé. Àbúrò mi ti ń fi LibreOffice kọ iṣẹ́ rẹ̀. Fídíò 480p ń lọ geere. Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n.

Kékeré ló kù. antiX 23 dìde dáadáa, Wi-Fi mú. Ṣùgbọ́n gbogbo ìkànnì tí mo bá ṣí ló ń sọ pé ìwé ẹ̀rí ààbò rẹ̀ kò tọ́. Gbogbo wọn pátá. Bí mo bá pa ẹ̀rọ tí mo tún tan án, bákan náà ni. Ṣé bráúsà rẹ̀ ló ti gbó jù?

Bàbá_Terminal kọ̀wé:

Tẹ `date`. Kí ló sọ?

Àkànjí_Tuntun kọ̀wé:

Ó ní ọdún 2008 la wà, Bàbá.

Bàbá_Terminal kọ̀wé:

Ó tán. Bátìrì roboto tó ń tọ́jú aago lórí mọ́dábọọ̀dù ló ti kú. Ìwé ẹ̀rí ààbò ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Bí ẹ̀rọ bá rò pé 2008 la wà, á gbà pé kò sí ìkankan nínú wọn tó tíì bẹ̀rẹ̀. Ṣe aago rẹ̀ sí àsìkò tó tọ́ nísinsìnyí kó o lè máa bá iṣẹ́ lọ, lẹ́yìn náà kó o pààrọ̀ bátìrì náà. CR2032 ló sábà máa ń jẹ́. Lórí àwọn netbook, wáyà kékeré máa ń wà lára rẹ̀, nítorí náà ṣí i wò kó o tó lọ rà á.

Àkànjí_Tuntun kọ̀wé:

Mo tún aago ṣe, gbogbo ìkànnì ti ń ṣí. Ẹ ṣé, Bàbá, ẹ ó pẹ́ fún wa.

Ó ku ìbéèrè kan. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí Ìyá_Kóòdù sọ nípa 32-bit, ìgbà wo ni Atom yìí ṣì ní kó tó di pé mi ò lè gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́?

Ìyá_Kóòdù kọ̀wé:

Orí Debian 12 ni antiX 23 yín wà, ẹ̀ka LTS (àtìlẹ́yìn onígbà pípẹ́) ti Debian sì máa bá àtúnṣe ààbò rẹ̀ lọ títí di oṣù Kẹfà ọdún 2028. Títí di ìgbà yẹn, ẹ máa ṣe `apt update` àti `apt upgrade` (àṣẹ tó ń gba àtúnṣe) déédéé, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ sílẹ̀. Bráúsà ńlá ló máa kọ́kọ́ tán lórí rẹ̀, ètò ìṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ á pẹ́ jù ú lọ.

Lẹ́yìn 2028, ọ̀nà kò dí. Void Linux ṣì ń ṣe ẹ̀dà i686 (32-bit). Slackware ní ti 32-bit. OpenBSD àti NetBSD, tí kì í ṣe Linux, ṣì ń kọ́ ẹ̀dà i386 (32-bit náà ni). Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọ̀kan nínú wọn wò lórí fíláàṣì nísinsìnyí tí kò sí ìkánjú. OpenBSD dára fún ẹni tó ń kọ́ prógíráàmù, nítorí ìwé atọ́nà rẹ̀ wà nínú ètò náà, ó péye, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì: `man` nìkan lẹ máa tẹ̀.

Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọ̀wé:

Tiny Core náà ní ẹ̀dà 32-bit o. Mo kàn rán yín létí.

Àkànjí_Tuntun kọ̀wé:

Ó ti wà lórí Ventoy, Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Haiku. Antix ló máa wà lórí dísìkì. Tiny Core ni n ó máa tú palẹ̀, n ó máa tún un tò, títí n ó fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Bí mo bá ti rí bátìrì yẹn pààrọ̀, n ó gbìyànjú OpenBSD, n ó sì wá kọ síbí bóyá ó mọ Wi-Fi Atom yìí, kí ẹlòmíì tó ní irú ẹ̀ lè mọ̀.